Ìkòkò Ìwúkàrà Ìyá Abíjáàn

Ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún ni mí ní àárọ̀ ọjọ́ tí ìyá mi fà mí lọ́wọ́ lọ sí ilé Ìyá Abíjáàn ní Òmù-Àrán, pé kí ó kọ́ mi ní iṣẹ́. Lónìí mo ti fẹ̀yìn tì. Ó lé ní ọgbọ̀n ọdún tí mo fi kọ́ àwọn ọmọ ní iṣẹ́ búrẹ́dì, kéèkì àti ìpanu ní ilé-ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ọwọ́, ọ̀pọ̀ nínú wọn ló sì ti di ọ̀gá láyè ara wọn. Àwọn ọ̀dọ́ tí wọ́n ń ronú irú iṣẹ́ tí wọn yóò ṣe máa ń wá bá mi nílé. Wọ́n á ní, "Tíṣà, ẹ sọ bí ẹ ṣe bẹ̀rẹ̀ fún wa." Ìdajì ni mo máa ń sọ fún wọn. Ìdajì kejì ni mo fẹ́ fi kún un níbí, nítorí pé láti ìgbà èwe mi ni mo ti ń gbé e mì. Ọ̀rọ̀ ìkòkò kan ni. Wọ́n fi ìkòkò náà sí ìkáwọ́ mi, ó sì bọ́ mọ́ mi lọ́wọ́ láìfọ́.

Ọmọ bíbí Òmù-Àrán ni Ìyá Abíjáàn. Ọkọ rẹ̀ ló mú un lọ sí Abíjáàn nígbà tí ó wà ní ọ̀dọ́, ibẹ̀ ló sì ti ṣiṣẹ́ fún bí ogún ọdún ní ilé búrẹ́dì àwọn Faransé. Nígbà tí ọkọ rẹ̀ kú, ó kó ẹrù rẹ̀ padà wálé: àpótí aṣọ kan, àpótí tírè méjì. Ó mọ ààrò amọ̀ ńlá kan sí ẹ̀yìnkùlé bàbá rẹ̀ lẹ́bàá ọ̀nà Àrándùn, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í ta ohun tí ẹnikẹ́ni kò jẹ rí ní agbègbè wa.

Orúkọ Faransé tí ó ń pè wọ́n kò rọ̀ wá lẹ́nu, nítorí náà ìlú fún wọn ní orúkọ tiwa. Kúrúwásáǹ di búrẹ́dì oníwo, nítorí ó ká bí ìwo àgbò. Bríọ́ọ̀ṣì, tí ó kún fún ẹyin àti bọ́tà, tí ó sì ní róbótó kékeré kan lókè, di búrẹ́dì olórí. Ọ̀kan wà tí a fi ìyẹ̀fun fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tò lé ara wọn, tí a fi kíríìmù sí àárín. Ewé-lórí-ewé ni wọ́n ń pè é. Èyí tí ó gùn tẹ́ẹ́rẹ́, tí ṣokoléètì bo ẹ̀yìn rẹ̀, tí kíríìmù sì kún inú rẹ̀, ni wọ́n ń pè ní ìka Màmá. Bí o bá gé ìka Màmá jẹ láìfi ọwọ́ gba abẹ́ rẹ̀, aṣọ rẹ ni yóò jẹ ìyókù.

Ní àárọ̀ Sátidé, àwọn àgbẹ̀ tí wọ́n bá ti ta iṣu tán á gbé ọ̀kadà dúró síwájú ilé, wọ́n á ra oníwo mẹ́fà mẹ́fà lọ fún àwọn ará ilé wọn ní Èsìẹ́ àti Ròré. Bàbá arúgbó kan wà tí kì í lè gbé tirẹ̀ délé. Orí àga ìta wa ni yóò jókòó sí tí yóò jẹ ẹ́ tán. Ó sọ fún ọ̀gá mi lọ́jọ́ kan pé, "Ìyá Abíjáàn, ohun tí ẹ ń tà yìí kì í ṣe oúnjẹ. Mo jẹ mẹ́ta, ebi ṣì ń pa mí, síbẹ̀ inú mi ń dùn."

Bí wọ́n ṣe gbà mí kò ní ìtàn púpọ̀. Ìyá mi bẹ̀ ẹ́, Ìyá Abíjáàn wo ìka ọwọ́ mi níwá lẹ́yìn bí ẹni ń yẹ iṣu wò, ó ní kí n wá ní ọjọ́ Ajé. Ọmọ iṣẹ́ kejì ni Rámátù, ọmọ Alfa kan ní Ròré, tí mo fi ọdún méjì jù lọ. Àwọn ẹgbẹ́ mi ọkùnrin tí wọ́n ń kọ́ iṣẹ́ mẹkáníìkì máa ń ké pè mí lójú pópó pé, "Ìyá Oníkéèkì! Ṣé o ti jiná?" Ó dùn mí nígbà náà. Nígbà tó yá, àwọn kan náà ló ń rán ìyàwó wọn wá ra kéèkì lọ́wọ́ mi.

Ó pé oṣù mẹ́fà kí ọwọ́ mi tó kan ìyẹ̀fun tí a ti pò. Mo fọ tírè, mo la igi, mo jọ fúláwà, mo fọ tírè. Nígbà tí wọ́n wá jẹ́ kí n fi igi yí ìyẹ̀fun, ọ̀rọ̀ Faransé méjì ni mo ń gbọ́ láti àárọ̀ dé ọ̀sán. Èkíní ni "dúsumọ́ọ̀," tó túmọ̀ sí jẹ́jẹ́. Èkejì ni "rékómáńsé," tó túmọ̀ sí kí n tún un ṣe láti ìbẹ̀rẹ̀.

"Ta ló tẹ́ eléyìí?"

"Èmi ni, Màmá."

"Ìwọ ni. O fà á bí ẹni ń fa ewúrẹ́ jáde nínú oko gbágùúdá. Kí ló ṣe ọ́?"

"Kò ṣe mí ní nǹkan, mà."

"Kí ló dé tí o wá ń bá a jà? Rékómáńsé."

Àwọn àgbà ní ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, ohun tí a bá fagbára mú ní í nini lára. Mo ti ń gbọ́ òwe yìí láti kékeré, ṣùgbọ́n ìdí pátákó Ìyá Abíjáàn ni mo ti fojú rí i. Bọ́tà ló fi kọ́ mi. Nínú iṣẹ́ oníwo, bọ́tà gbọ́dọ̀ tutù kí ó lè dúró láàárín ìyẹ̀fun bí aṣọ àwọ̀tẹ́lẹ̀. Bí ó bá yọ́, ìyẹ̀fun á mu ún, ohun tí yóò jáde láti inú ààrò á le bí bíríkì. Iná mànàmáná lè lọ fún ọ̀sẹ̀ méjì nígbà náà, nítorí náà kànga ni fíríìjì wa. A ó gbé ìyẹ̀fun tí a ti ká bọ́tà sínú rẹ̀ sínú agolo onídèérí, a ó so okùn mọ́ ọn, a ó sọ̀ ọ́ kalẹ̀ sínú kànga títí yóò fi kù díẹ̀ kó kan omi. Yóò sinmi níbẹ̀. A ó fà á jáde, a ó tẹ́ ẹ pẹrẹsẹ, a ó ká a sí mẹ́ta bí ẹni ká ìborùn, a ó tún sọ̀ ọ́ kalẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni. Ìgbà ọyẹ́ nìkan ni kànga máa ń sinmi.

Lọ́jọ́ kan, okùn tí Rámátù so tú. Agolo jábọ́, ìdérí ṣí, iṣẹ́ òwúrọ̀ kan gbáko rì sómi. Ìyá Abíjáàn wá, ó tẹ ara síwájú, ó wo inú kànga títí. Àwa méjèèjì dúró sẹ́yìn rẹ̀.

Ó ní, "Ó dára. Àkèré inú kànga yìí á sanra."

Rámátù bú sẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín yẹn ló kó bá wa. Màmá ní kí àwa méjèèjì gbọ́n omi kànga náà tán kí oòrùn tó wọ̀, a sì gbọ́n ọn. Fún ọ̀sẹ̀ kan gbáko, bọ́tà ṣì ń ta lójú omi tí à ń fà bí ọ̀rá lójú ọbẹ̀.

Lẹ́yìn ọdún méjì ni ó mú mi wọ inú yàrá kékeré tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé ìdáná. Ìkòkò amọ̀ dúdú kan wà ní igun ibẹ̀, wọ́n fi aṣọ funfun bò ó lẹ́nu. Ó ṣí i. Ìyẹ̀fun rírọ̀ ló wà nínú rẹ̀, ó ń hó wẹ́wẹ́ bí ohun tí ń mí, òórùn rẹ̀ dà bí ti ọsàn àti ẹmu.

Ìwúkàrà rẹ̀ nìyẹn. Ní ọdún tí ó padà dé, yíìsì inú páálí kò wọ ìlú wa déédéé, nítorí náà ó fi ẹmu ọ̀pẹ tuntun láti Àrándùn po fúláwà, ó jẹ́ kí ó kan, ó sì ń bọ́ ọ láti ìgbà náà. Láràárọ̀ a ó bu ìdajì lò fún iṣẹ́ ọjọ́ náà, a ó fi fúláwà àti omi bọ́ ìyókù. Ní ọjọ́ Ẹtì, a ó fi ẹmu ife kan sí i. Kí n sọ ọ́ kedere, nítorí ẹni tí kò mọ iṣẹ́ yìí lè rò ó sí nǹkan mìíràn: ife kan ni, nínú ìkòkò ńlá, lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀, yóò sì tún la iná ààrò kọjá. N kò tíì rí ẹni tí búrẹ́dì olórí pa bí ọtí.

Ó ní, "Oyè, ìwọ ni kí o máa bọ́ ọ."

"Èmi kẹ̀, Màmá? Rámátù mọ iṣẹ́ jù mí lọ."

"Rámátù mọ̀ ọ́n jù ọ́ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ó ń yára. Ìwọ lọ́ra, o sì máa ń wo nǹkan lẹ́ẹ̀mejì. Máa bọ́ ọ. Bí ilẹ̀ bá ti mọ́, kí o tó kí èmi gan-an, òun ni kí o kọ́kọ́ kí. Ọjọ́ tí n kò bá sí mọ́, tìrẹ ni."

Báyìí ni ohun tí ó ṣe iyebíye jù nílé náà ṣe di ẹrù mi. Ọdún méjì ni mo fi bọ́ ọ láìpa ọjọ́ kan jẹ. Bí mo bá ṣí aṣọ tí mo bá rí i pé ó ti gun ìkòkò, inú mi á dùn ju ti ẹni tí adìyẹ rẹ̀ pamọ lọ.

Ìyá Abíjáàn kò fi ẹmu yìí pamọ́ fún ẹnikẹ́ni tó bá bèèrè. Ó ní yíìsì páálí díẹ̀ nílé, tí ó ń lò fún ẹni tí ẹ̀sìn rẹ̀ kò bá gba ẹmu. Rámátù sọ fún bàbá rẹ̀ ní oṣù tí ó dé. Alfa ní òun kò ní jẹ èyí tí ẹmu wà nínú rẹ̀, kí ọmọ òun má sì jẹ ẹ́, ṣùgbọ́n kí ó kọ́ iṣẹ́ rẹ̀. Bí ó bá kọjá ní ọjọ́ Ẹtì, á dúró kí ọ̀gá wa, á ra ti yíìsì páálí, á máa lọ. Bí ọ̀rọ̀ náà ṣe mọ níbẹ̀ nìyẹn.

Èmi ní tèmi, n kò sọ fún ẹnikẹ́ni nílé ìjọsìn wa. Ìjọ wa kò fẹ́ gbọ́ orúkọ ẹmu sétí. Bí wọ́n bá rí ọmọ ìjọ nídìí rẹ̀, ìjókòó ẹ̀yìn ni yóò bá ara rẹ̀ fún oṣù mẹ́ta. Lọ́dọọdún, tí ìkórè bá dé, ọ̀dọ̀ Ìyá Abíjáàn ni ìjọ ti ń gba búrẹ́dì olórí àti ìka Màmá, gbogbo wa á jẹ, a ó sì dúpẹ́. Mo rò pé bí n kò bá sọ̀rọ̀, ọ̀rọ̀ kò ní sí.

Ní ọdún kẹrin mi, ìjọ wá ọ̀dọ́ kan tí wọn yóò rán lọ sí kọ́lẹ́ẹ̀jì láti kọ́ iṣẹ́ ìdáná àti kéèkì, kí ó lè padà wá di olùkọ́. Orúkọ mi wọlé. Ìgbìmọ̀ ẹlẹ́ni mẹ́ta pè mí sí yàrá kékeré lẹ́yìn ìsìn. Ìyàwó díákónì, tí gbogbo wa ń pè ní Màmá Díákónì, ló ń bi mí ní ìbéèrè. Abọ́ búrẹ́dì olórí wà níwájú wọn, ó sì ti jẹ méjì kí ó tó kàn mí. Gbogbo ohun tó bi mí ni mo dáhùn dáadáa. Lẹ́yìn náà ó nu ẹnu.

"Oyèdélé ọmọ mi, ó ku kékeré kan. Àwọn kan ń sọ pé ẹmu ni ọ̀gá rẹ fi ń wú àwọn nǹkan yìí. Ṣé òótọ́ ni?"

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó wà lọ́kàn mi. Bí mo bá ní bẹ́ẹ̀ ni, wọ́n á ní, "Ìwọ tí o ń fọwọ́ bu ẹmu síbẹ̀ ńkọ́?" Kọ́lẹ́ẹ̀jì á lọ. Bí mo bá ní bẹ́ẹ̀ kọ́, irọ́ ni, wọ́n sì tọ́ mi dáadáa nílé. Mo wá rí ojú ọ̀nà kan láàárín méjèèjì, mo sì rò pé mo gbọ́n.

Mo ní, "N kò mọ̀, mà."

"O kò mọ̀? Lẹ́yìn ọdún mẹ́rin?"

"Màmá nìkan ló ń ṣe ibẹ̀ yẹn, mà. Kì í jẹ́ kí a wọlé."

Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wo ara wọn. Akọ̀wé ìjọ, bàbá jẹ́jẹ́ kan tí kì í sábà sọ̀rọ̀, gbé búrẹ́dì tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ padà sínú abọ́. Ó ní, "Kí ni ọ̀gá lè máa fi pamọ́ fún ọmọ iṣẹ́ rẹ̀?"

Gbogbo wa la mọ ìdáhùn rẹ̀. Lọ́dọ̀ wa, ọmọ iṣẹ́ ni ẹlẹ́rìí ọ̀gá. Ó ń gbálẹ̀ ilé rẹ̀, ó ń ru ẹrù rẹ̀, kò sí ohun tí kò rí. Ohun kan ṣoṣo tí ọ̀gá lè gbé pamọ́ fún un ni àwúre tí ó fi ń fa èrò. Ká ní mo ti sọ pé ẹmu ni, ohun tí wọn ì bá ṣe kò ju pé kí wọ́n ní kí ó máa fi yíìsì páálí ṣe ti ìjọ lọ. Mo sẹ́ ẹmu ife kan, mo sì fi ẹnu ara mi gbé oògùn sínú ìkòkò ọ̀gá mi. Ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀, fífọ́ ní í fọ́. Èmi tí mo ń fọ́ ẹyin láràárọ̀ ló yẹ kí n kọ́kọ́ mọ̀ bẹ́ẹ̀.

Wọ́n mú mi fún kọ́lẹ́ẹ̀jì. Ní Sátidé tó tẹ̀ lé e, ọ̀kadà mẹ́ta péré ló dúró níwájú ilé wa. Ní Sátidé kejì, kò sí ìkankan. Ìgbà tó di ọ̀sán, obìnrin kan tó ti ń ra oníwo láti ọjọ́ pípẹ́ kọjá lọ láìyà. Ìyá Abíjáàn pè é.

"Ìyá Tinú, ṣé kò sí?"

Obìnrin náà dúró ní òkèèrè. "Màmá, ẹ máà bínú. Wọ́n ní ọmọ iṣẹ́ yín fúnra rẹ̀ ló sọ fún ìgbìmọ̀ pé òun kò mọ ohun tí ẹ ń fi sí i. Mo ní ọmọ wẹ́wẹ́ nílé, mà."

Mo wà nídìí ààrò, tírè ìka Màmá wà lọ́wọ́ mi. Rámátù yíjú sí mi, ẹnu rẹ̀ là sílẹ̀. Ìyá Abíjáàn kò wò mí. Ó ní, "Ó dára, ìyá mi. Ẹ kí àwọn ọmọ." Ó wọlé lọ.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, mo dé yàrá kékeré láti bọ́ ìwúkàrà gẹ́gẹ́ bí ìṣe mi. Mo bá a níbẹ̀, ó jókòó sórí àpótí, ìkòkò wà láàárín ẹsẹ̀ rẹ̀, ó ti bọ́ ọ tán. Mo dọ̀bálẹ̀. Ó kí mi dáadáa, ó bi mí bóyá ìyá mi sùn dáadáa. Nígbà tí mo na ọwọ́ sí ìkòkò láti gbé e padà sí ipò rẹ̀, ó fi ọwọ́ dá mi dúró.

Ó ní, "Fi í sílẹ̀, Oyè. Ènìyàn kì í bọ́ ohun tí kò mọ̀."

Kò sọ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Kò lé mi, kò bú mi, kò fi ẹjọ́ mi sun ìyá mi. Ká ní ó ní kí n rékómáńsé, ǹ bá ti sáré lọ bá ìgbìmọ̀ lọ́jọ́ náà. Ó ṣe tán, kò sí ohun tó dá mi dúró kí n má lọ. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta wà láàárín ìgbà náà àti ọjọ́ tí kọ́lẹ́ẹ̀jì wọlé, ilé Màmá Díákónì kò sì ju ìrìn ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ. Mo ń sọ fún ara mi pé n ó lọ bí ìlú bá rọlẹ̀. Nígbà tí mo padà wálé ní ìsinmi àkọ́kọ́, ààrò ọ̀nà Àrándùn ti tutù. Ìyá Abíjáàn ti kó lọ sí Èsìẹ́, ní ìdílé ìyá rẹ̀, Rámátù sì ti bá a lọ. Ìkòkò náà bá wọn lọ.

Mo di olùkọ́. N kò ní sọ pé iṣẹ́ náà kò dára, nítorí ó dára, ó sì tọ́ àwọn ọmọ mi. Mo rí i bí irinṣẹ́ ṣe ń yí padà lójú mi. Ààrò amọ̀ ni mo fi kọ́ iṣẹ́. Ààrò tí wọ́n fi àgbá irin ṣe ni mo kọ́kọ́ bá ní ilé-ẹ̀kọ́. Lẹ́yìn rẹ̀ ni ti gáàsì dé, àti ẹ̀rọ ìpòyẹ̀fun tí ń ṣe ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá ohun tí èjìká mi ń fi odindi wákàtí ṣe. Fíríìjì dé, jẹnẹrétọ̀ dé, kànga di ti ìfọṣọ. Lónìí àwọn ọmọ ń wo fóònù, wọ́n ń ṣe kéèkì alájà mẹ́rin tí ojú rẹ̀ ń dán bí dígí. Mo máa ń yìn wọ́n. Lẹ́yìn ìyẹn mo máa ń tọ́ ọ wò, n ó sì ní, "Ó rẹwà, ọmọ mi. Majarín-ìn lo fi dípò bọ́tà, o sì sáré sí i. Tún un ṣe." Wọn kò mọ ẹni tí ń sọ̀rọ̀ láti ẹnu mi. Bí wọ́n bá bi mí pé, "Tíṣà, níbo lẹ ti kọ́ ọ?" orúkọ kọ́lẹ́ẹ̀jì ni mo ń dá. Ọ̀pọ̀ ọdún ni mo fi ń dá a.

Lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo ni mo lọ kí Ìyá Abíjáàn ní Èsìẹ́, nígbà tí mo gba ìwé ẹ̀rí. Ó ti ń wò mí láti ẹnu ọ̀nà kí n tó sọ̀ kalẹ̀ lórí ọ̀kadà. Ó fún mi ní iyán, ó jókòó tì mí títí mo fi jẹun tán.

Ó ní, "Kí ni wọ́n fi ń wú búrẹ́dì ní kọ́lẹ́ẹ̀jì yín?"

"Yíìsì páálí, mà."

"Ó ń wú?"

"Ó ń wú, mà."

"Ó dùn?"

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í kó abọ́ iyán jọ. Ó rẹ́rìn-ín, ó sì fọwọ́ kan èjìká mi. Ibẹ̀ gan-an ló yẹ kí n ti sọ ọ́. Ọ̀rọ̀ náà ti dé ahọ́n mi: Màmá, mo purọ́ mọ́ yín. Mo wo ìwé ẹ̀rí tó wà lórí ẹsẹ̀ mi, mo sì ní kí ó jẹ́ kí n tètè máa lọ kí òjò má baà ká mi mọ́ ọ̀nà. Òjò kò rọ̀ lọ́jọ́ náà. Kò pé ọdún méjì sí i tí wọ́n fi ránṣẹ́ sí mi pé ó ti kú. Mo lọ síbi ìsìnkú, mo dúró sẹ́yìn láàárín àwọn tí kò mọ̀ ọ́n dáadáa. Àwọn àgbà sọ pé àbámọ̀ ní í gbẹ̀yìn ọ̀rọ̀, gbogbo àgbà ìlú pé, wọn kò rí ẹbọ àbámọ̀ ṣe.

Lẹ́yìn tí mo fẹ̀yìn tì, mo ní àyè láti ronú. Mo gbìyànjú láti dá ìwúkàrà tuntun sílẹ̀. Mo ra ẹmu Àrándùn, mo po fúláwà, mo bọ́ ọ láràárọ̀. Ó wú, kò sí irọ́ níbẹ̀. Ẹnikẹ́ni nínú yín lè ṣe é ní ọjọ́ díẹ̀. Ṣùgbọ́n búrẹ́dì rẹ̀ dà bí ọmọ tí kò mọ ìyá rẹ̀ àgbà. Ni mo bá gbéra lọ́jọ́ kan, mo wọ mọ́tò lọ sí Èsìẹ́.

Rámátù ti di Alájá, ó ní ṣọ́ọ̀bù tó mọ́ tónítóní lẹ́bàá ọ̀nà, òórùn bọ́tà sì ti pàdé mi kí n tó débẹ̀. Ó dìde nígbà tó rí mi.

"Bọ̀dá Oyè! Yéè! Gbogbo orí yín ti funfun bí ẹni tó jọ fúláwà lé ara rẹ̀ lórí."

A rẹ́rìn-ín, a sọ̀rọ̀ àwọn ọmọ, a sọ̀rọ̀ kànga àti àkèré. Nígbà tó yá mo bi í léèrè nípa ìkòkò. Ó mú mi dé igun ṣọ́ọ̀bù, ó ṣí aṣọ funfun. Ìkòkò dúdú kan náà ni. Ó ń hó wẹ́wẹ́. Lẹ́yìn gbogbo ọdún wọ̀nyí, òórùn rẹ̀ kò yí padà, ojú mi sì ṣú.

"Alájá, mo fẹ́ bẹ̀ yín. Ẹ bu díẹ̀ fún mi."

Ó fi aṣọ bo ìkòkò padà. "Bọ̀dá mi, ẹ máà bínú sí mi. Mo lè fún yín ní gbogbo ohun tó wà nínú ṣọ́ọ̀bù yìí. Ṣùgbọ́n Màmá ní ìwúkàrà yìí kò gbọdọ̀ padà sí Òmù-Àrán. Kì í ṣe pé ó bínú. Ó ní ó dun òun ni."

N kò jiyàn. Bí a ṣe dúró síbẹ̀, ọ̀dọ́mọbìnrin kan tó wá ra nǹkan nawọ́ sí ìkòkò láti òkèèrè. Ó ní, "Alájá, mo máa ń fẹ́ bi yín. Kí ló wà nínú ìkòkò yẹn gan-an?"

 Èmi ni Rámátù yíjú sí, ó sì dúró.

Mo ní, "Ìwúkàrà ni. Fúláwà, omi, àti ẹmu Àrándùn ife kan lọ́sẹ̀. Kò sí nǹkan mìíràn níbẹ̀. Mo mọ̀ ọ́n dáadáa. Èmi ni mo ń bọ́ ọ nígbà kan."

Ọ̀dọ́mọbìnrin náà ní, "Ó dáa, sà. Ẹ ṣeun. Alájá, ẹ bá mi di oníwo mẹ́rin." Ó gba oníwo rẹ̀, ó lọ.

Bí ó ṣe rọrùn tó nìyẹn. Ó rọrùn bẹ́ẹ̀ ní yàrá ẹ̀yìn ilé ìjọsìn lọ́jọ́sí náà, ó rọrùn bẹ́ẹ̀ níwájú iyán ní Èsìẹ́. Ẹni tó yẹ kó gbọ́ ọ kò sí níbẹ̀ mọ́. Rámátù di búrẹ́dì olórí méjì sínú ìwé fún mi, mo sì jẹ wọ́n tán nínú mọ́tò, pẹ̀lú omi lójú, kí a tó dé Òmù-Àrán.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń yan iṣẹ́, ẹ bá mi fi èyí kọ́gbọ́n. Ẹ yan iṣẹ́ tó bá wù yín, ẹ ní sùúrù fún ọ̀gá tó le, ẹ fẹ̀sọ̀ mú ìyẹ̀fun. Àwọn wọ̀nyí ẹlòmíràn á sọ wọ́n fún yín. Èyí tí mo bẹ̀ yín pé kí ẹ gbọ́ láti ẹnu mi ni pé "n kò mọ̀" látẹnu ẹni tó mọ̀ kì í ṣe ọgbọ́n, irọ́ ni. Bí wọ́n bá bi yín léèrè ohun tí ọwọ́ yín ń ṣe àti ẹni tó kọ́ yín, ẹ dáhùn lọ́jọ́ náà, nígbà tí ẹni náà ṣì wà láàyè tí yóò gbọ́.